Ìgbín Inú Kòtò

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ìgbín ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, ẹ̀rín ni wọ́n fi pa mí. Ọ̀kan nínú wọn bi mí léèrè bóyá mo ti fi ẹ̀kọ́ èdè sílẹ̀, tí mo di ẹni tí ń ṣa ìgbín kiri. N kò bínú sí i, nítorí pé bí ẹnìkan bá sọ irú rẹ̀ fún mi ní ọdún méjì sẹ́yìn, èmi náà ìbá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí nínú kòtò kan ní ẹ̀yìn Ilé-Ifẹ̀, àti ọgbọ́n tí ìgbín kékeré kan kọ́ mi níbẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí n máa dá nìkan mọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún tó kọjá, àwọn awalẹ̀pìtàn kan fẹ́ wa ilẹ̀ nínú oko kan. Wọ́n ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tí yóò lè máa kọ orúkọ ibi gbogbo àti ìtàn tí àwọn àgbà bá sọ sílẹ̀. Ìsinmi ni a wà, àpò mi gbẹ, mo sì gbà láti lọ. Mo ti rò ó pé abẹ́ igi ni n ó jókòó sí, tí n ó fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, tí n ó máa bi àwọn àgbà ní ìbéèrè. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbé asẹ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n gbé bàsíà àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí n máa jọ yẹ̀pẹ̀, kí n máa fọ àpáàdì, kí n sì máa kọ gbogbo ohun tí ó bá jáde sínú ìwé.

Ẹni tí ó bá mọ Ifẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Ní 1938, àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, ni wọ́n ṣàdédé kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ wọn títí di òní. Ní 1957, àwọn lébìrà tí ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó tún kan ère idẹ, Frank Willett sì wá wa ibẹ̀ bí ó ti yẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí Abidemi Babalola àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ wà jáde ní Igbó Olókun lé ní 12,000. Àyẹ̀wò wọn sì fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ ló ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe gíláàsì náà, wọn kò dúró de ará òkèèrè. Kí a má tilẹ̀ sọ ti ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, tí wọ́n to àpáàdì náà ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí òjò ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kò lè wó.

Kòtò tiwa kò ní idẹ. Àpáàdì, èédú, eérú àti egungun ẹran ni a ń rí. Bí ọkùnrin tí ó wà nínú kòtò bá ti fi irin pẹlẹbẹ, irú èyí tí bíríkìlà fi ń rẹ́ ilé, ha ilẹ̀ díẹ̀, a ó dúró, a ó wọn ìjìn rẹ̀, a ó ya àwòrán rẹ̀, kí a tó tún ha òmíràn. Ọjọ́ mìíràn wà tí ọ̀sán yóò pọ́n tí a kò tíì lọ sílẹ̀ ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi, bẹ́ẹ̀ náà ni awalẹ̀pìtàn ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀.

Ìfarabalẹ̀ iṣẹ́ náà ni ó la ojú mi sí àwọn ẹran kéékèèké. Ẹni tí ó bá ń sáré kọjá kò lè rí wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó sí ojú kan láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ yóò mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ọ̀kùn a máa ká ara rẹ̀ jọ sábẹ́ àpò yẹ̀pẹ̀. Àkèekèé a máa sá pamọ́ sábẹ́ asẹ́ tí a bá gbé sílẹ̀ sùn, a sì di ẹni tí ń gbọn asẹ́ kí ó tó fọwọ́ kàn án. Alángbá kan wà tí a mọ̀ dáadáa, tí kì í kúrò lórí òkìtì yẹ̀pẹ̀. Bí a bá ti da yẹ̀pẹ̀ tuntun, yóò mi orí lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni pé ó ti gbà á wọlé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣa kòkòrò inú rẹ̀ jẹ. Ní òwúrọ̀ kan, a bá igi tí a kàn mọ́lẹ̀ láti fi ta okùn ìwọ̀n pé ikán ti fi ẹrẹ̀ bò ó dé ìdajì. Òru kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe é.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà láàárín àwọn tí ń bá wa wa ilẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọdẹ. Ọdẹ ni wọ́n ṣe ní ìgbà èwe wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n máa bi wọ́n ní orúkọ nǹkan, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa dáhùn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí ìkarahun nínú asẹ́, mo ní, "Bàbá, ìgbín rèé." Wọ́n wò ó, wọ́n ní ìgbín kọ́, ìpéré ni. Mo tún mú òmíràn tí ó rí ṣóńṣó, tí kò ju orí ìka mi lọ. Wọ́n ní ìyẹn ni ìlákọ̀ṣẹ, pé àwọn oníṣègùn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní èyí tí ń gbé inú odò ni ìṣáwùrú, wọ́n sì ní ẹni tí ó bá pe gbogbo wọn ní ìgbín dà bí ẹni tí ó pe ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù ní ẹran, tí ó wá rò pé òun ti dárúkọ.

Mo rẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mí, mo mọ̀ pé ohùn kan ṣoṣo ló ya ìgbín tí a ń jẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbìn tí a ń lù fún Ọbàtálá. Mo lè fi wákàtí kan ṣàlàyé rẹ̀. Mo kọ àwọn orúkọ tí bàbá dá sẹ́yìn ìwé mi, ní abẹ́ àkọlé "Ọ̀rọ̀ Àgbà". Ṣùgbọ́n nínú ìwé iṣẹ́ gan-an, níbi tí a ń kọ ohun tí kòtò bá mú jáde, "ìkarahun ìgbín" ni mo ń kọ fún gbogbo wọn. Mo rò pé ìyẹn tó. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́.

Nígbà tí a fi máa lọ jìn tó ìbàdí ènìyàn, ìkarahun tí mo ti kó jọ ti di mọ́kànlélógójì. Wọ́n wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú àpáàdì tí a fín ọnà sí lára àti eérú. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá wa pé ó ní láti jẹ́ pé oúnjẹ àwọn ará àtijọ́ ni. Inú ọ̀gá wa dùn. Wọ́n ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a ó mú díẹ̀ nínú ìkarahun náà pẹ̀lú èédú, a ó fi ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọjọ́ orí nǹkan wò. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé gbogbo ohun tí ó bá mí rí ní èròjà kan nínú, tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù 14, tí ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tí nǹkan náà bá ti kú; nígbà tí ó bá fi máa tó 5,730 ọdún, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Nípa wíwọn èyí tí ó ṣẹ́kù ni a fi ń mọ ọdún. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé ìkarahun le ju èédú lọ láti yẹ̀ wò, nítorí pé ìgbín a máa jẹ ẹfun inú òkúta láti fi mọ ilé rẹ̀, èyí sì lè mú kí ó dà bí ohun tí ó gbó ju bí ó ti yẹ lọ. Síbẹ̀, wọ́n ní kí n fọ gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo rí ara mi bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò wọ inú ìwé ńlá.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wò mí ní alẹ́ yẹn: èmi nìkan, abẹ́ búkà, iná tọ́ọ̀ṣì, bàsíà omi lọ́wọ́wọ́ díẹ̀ nítorí ọyẹ́. Mo kó ìkarahun sínú omi kí yẹ̀pẹ̀ tí ó gan mọ́ wọn lára lè rọ̀, mo sì yí padà láti kọ orúkọ sára àwọn pélébé ìwé tí a ń fi sínú àpò. Nígbà tí mo máa yíjú padà, ọ̀kan nínú ìkarahun náà kò sí ní ibi tí mo fi í sí. Ó ti dé etí bàsíà. Bí mo ti ń wò ó, ó yọ ìwo kan jáde, ó yọ èkejì, ó na ọrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gun bàsíà lọ ní tirẹ̀.

N kò lè sọ bí ọkàn mi ti rí. Inú ìwé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ará Ifẹ̀ kan ló jẹ ẹran yìí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n mú un, kí n sọ ọ́ sínú igbó. Kò sí ẹni tí ó rí mi. Ogójì ṣì kù, n ó kọ ogójì, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Mo tilẹ̀ dìde, mo mú un lọ́wọ́ dé ẹ̀yìn búkà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan dá mi dúró: bí ọ̀kan yìí bá wà láàyè, mélòó nínú ogójì yòókù ló ṣe bẹ́ẹ̀ wọlé? Bí a bá sì mú èyí tí ó kú ní àná ránṣẹ́, tí ìdáhùn dé pé àná ni, ta ni yóò gba àpáàdì àti eérú wa gbọ́ mọ́? Ọ̀rọ̀ mi yóò ba iṣẹ́ gbogbo ènìyàn jẹ́. Mo padà, mo fi ìgbín náà sínú abọ́ kan, mo fi asẹ́ dé e. N kò sùn dáadáa.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti wà ní ẹnu ọ̀nà Bàbá Ọdẹ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé abọ́ náà síwájú wọn.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi wo nǹkan yìí."

"Ìpéré ni. Níbo lo ti rí i?"

"Inú kòtò ni, bàbá, ní ibi tí ó jìn tó ìbàdí mi. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará àtijọ́ ló jẹ ẹ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. "Wọ́n jẹ ẹ́, wọn kò sì gbé e mì?"

Bí mo ti fẹ́ dáhùn, mo wo inú abọ́, mo sì rí i pé pélébé ìwé tí mo ti kọ orúkọ sí, tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lára nígbà tí mo gbé e, ìgbín ti jẹ etí rẹ̀ ní òru. Nígbà náà ni bàbá tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín mìíràn. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò jẹun fún ẹgbẹ̀rin ọdún, ṣé kò ní jẹ ìwé?"

Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó, wọ́n sì ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ìpéré a wọ inú ilẹ̀ lọ, a fi itọ́ ara rẹ̀ dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, itọ́ náà a sì gbẹ bí awọ tín-ínrín. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe sùn láìjẹ láìmu títí òjò yóò fi kan ilẹ̀kùn. Ìgbín ńlá náà a máa sùn bẹ́ẹ̀. Omi inú bàsíà mi ló pè é jí. Ó rò pé òjò ti dé ni. Mo ní ṣùgbọ́n ibi tí mo ti rí i jìn jù. Bàbá bi mí pé, "Ta ló ni ilẹ̀ yẹn?" Mo dárúkọ ìdílé tí ó ni oko náà. Wọ́n mi orí. "Ìyẹn ni ti òkè. Ti ìsàlẹ̀, òkété, ikán àti ekòló ló ni ín. Ẹ bá wọn lẹ́nu iṣẹ́ ni." Wọ́n wá wò mí lójú: "O ti sọ fún ọ̀gá yín?" Mo ní rárá. Bàbá kò sọ ohunkóhun. Wọ́n kàn gbé abọ́ náà padà lé mi lọ́wọ́.

Mo lọ, mo sì sọ ọ́. Ọ̀gá wa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ náà sì wúwo ju èébú lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí Bàbá Ọdẹ bá wa sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò. Bàbá fi ẹ̀yìn ìka gbá ara ògiri kòtò díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń yẹ ìkòkò wò ní ọjà. Ibì kan dún yàtọ̀. Nígbà tí a ha á, yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ó sì dúdú díẹ̀ ju ti àyíká rẹ̀ lọ. Ihò òkété àtijọ́ ni, tí yẹ̀pẹ̀ òkè ti ya dí, tí ó sì gba àárín ìpele wa kọjá sí ìsàlẹ̀. Ọ̀nà tí ìpéré gbà wọlé nìyẹn. Nígbà tí a wá ibi tí ihò náà yọ sí lókè, a rí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ sánmà kan, sẹ̀gi tí ó já, lórí koríko. Òkété ti hú u jáde láti ìsàlẹ̀ kí àwa tó dé. Òkété ṣe iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn. Kò kàn kọ ìwé ni.

Mo ti wá kà nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1881, Charles Darwin tẹ ìwé odindi kan jáde lórí ekòló, níbi tí ó ti fi hàn pé ìgbẹ́ yẹ̀pẹ̀ tí ekòló ń yà sí orí ilẹ̀ ló ń bo òkúta àti àwókù ilé àtijọ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Yorùbá ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ti lanu fún ekòló, ó ti lanu fún àpáàdì pẹ̀lú. Ohun tí ó wà lókè lè rì, ohun tí ó wà nísàlẹ̀ lè gòkè. Ilẹ̀ kì í ṣe àpótí tí a tì pa.

A da gbogbo ìkarahun sórí ẹní, a bẹ̀rẹ̀ sí yà wọ́n. Bàbá Ọdẹ ń dárúkọ, ọ̀gá wa ń wò ó, èmi ń kọ. Èyí tí ènìyàn jẹ ní àmì: ó tóbi tó ohun tí a ń jẹ, iná ti kàn án, a ti fọ́ ọ bí ẹni tí ń yọ ẹran inú rẹ̀, dídán rẹ̀ ti lọ tí ó fi funfun bí ẹfun, inú eérú ni ó sì wà pẹ̀lú egungun. Èyí tí ó dá ara rẹ̀ wọlé dá pé, ó ń dán, ńlá àti kékeré sì wà nínú wọn. Nínú mọ́kànlélógójì, méjìlá péré ló jẹ́ oúnjẹ. Ọ̀gá wa kò jẹ́ kí a da àwọn yòókù nù. Wọ́n ní ìgbín kéékèèké náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, nítorí pé òmíràn kì í gbé ibi tí kò ní ìbòòji, òmíràn sì fẹ́ràn ojú ọ̀dàn. Ẹni tí ó bá mọ̀ wọ́n yà lè sọ bóyá igbó ni ibì kan tàbí oko.

Wọ́n wá ní kí n ṣí ìwé iṣẹ́. Mo fẹ́ fa ojú ewé náà ya kí n tún un kọ, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kí n fa ìlà kan ṣoṣo lé ohun tí mo ti kọ lórí, kí n kọ òtítọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹni tí yóò kà á lẹ́yìn wa lè rí ibi tí a ti ṣìnà àti ibi tí a gbà padà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà náà wà níbẹ̀ títí di òní.

Ohun tí ó dùn mí jù lọ kì í ṣe pé mo ṣe àṣìṣe. Ó dùn mí nítorí pé ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ mi láti ọ̀sẹ̀ kìíní, ní ẹ̀yìn ìwé mi, ní abẹ́ "Ọ̀rọ̀ Àgbà". Bàbá ti sọ fún mi pé ìpéré kì í ṣe ìgbín. Mo gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí ń ṣa ìkarahun: mo wo ẹwà rẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀, n kò bi í léèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ti bi wọ́n pé, "Bàbá, kí ni ìpéré ń ṣe tí ìgbín kì í ṣe? Níbo ni ó ń gbé ní ẹ̀ẹ̀rùn?" mi ò bá má kọ irọ́ sínú ìwé. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àwa tí ń kọ́ èdè a máa gbé ìkarahun lọ, a sì fi ìgbín sílẹ̀ lẹ́nu àgbà.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà, òjò kìíní rọ̀. A ti parí iṣẹ́, a sì ti da yẹ̀pẹ̀ padà sínú kòtò, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Mo lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìpéré ti jáde ní ibi gbogbo, wọ́n ń fà lórí ilẹ̀ tútù, ọ̀kan sì ń ha egungun kan tí ó bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ wa, ó ń wá ẹfun fún ilé rẹ̀. Mo tú èyí tí ó jẹ ìwé mi sílẹ̀ láàárín wọn. N kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ẹran kékeré kan tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé yín lọ bá àgbà kan. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì dá orúkọ náà, ẹ má ṣe tíì dìde.